Kámẹ́rà Tí Kì Í Dún

Bí ènìyàn bá sọ̀kalẹ̀ ní gáréèjì Òkìtìpupa, tó ní kí ọlọ́kadà gbé òun lọ sílé Ìyá Onífọ́tò, ọlọ́kadà kò ní bi í pé èwo. Rẹ̀mílẹ́kún nìkan ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Ó ti lé lọ́gọ́ta ọdún, ó rí pẹ́lẹ́ńgẹ́, ó sì máa ń rìn bí ẹni tí kò fẹ́ kí ilẹ̀ mọ̀ pé òun ń kọjá. A kò bí ìrìn yẹn mọ́ ọn. Inú igbó ló ti kọ́ ọ, lẹ́yìn ọkọ rẹ̀, Ambrose, tó ń ya gbogbo wa ní fọ́tò láti ìgbà tí fọ́tò ṣì jẹ́ dúdú àti funfun.

Ojú ọ̀nà tó lọ sí Ìkọ̀yà, ìlú bàbá Ambrose, ni sítúdíò wọn wà. Aṣọ ìkélé kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ya òkun àti igi àgbọn sí, àga onítìmùtìmù kan sì wà níwájú rẹ̀. Kò sí ẹni tó gbéyàwó, tó wọ yunifásítì, tàbí tó rán aṣọ ọdún ládùúgbò wa nígbà náà tí kò jókòó sórí àga yẹn. Rẹ̀mílẹ́kún fúnra rẹ̀ jókòó síbẹ̀. Ọmọ Igbodigo ni. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe ìrìbọmi nínú ìjọ Aládùúrà, ó wá ya fọ́tò nínú sùtánà funfun rẹ̀. Ambrose yà á tán, ó ní kó padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ nítorí fọ́tò náà bàjẹ́. Ó padà wá. Lẹ́yìn tí wọ́n ti fẹ́ra wọn ló rí fọ́tò tí wọ́n ní ó bàjẹ́ nínú dúrọ́ọ̀ ọkọ rẹ̀. Kò sí ohun tó ṣe é.

Bí ọ̀rọ̀ ẹyẹ àti ẹranko ṣe wọ inú iṣẹ́ wọn, ìsìnkú kan ní Ìkọ̀yà ló fà á. Àwọn ọmọ olóòkú tò fún fọ́tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, ẹyẹ àwòdì kan sì bà lé orí ọ̀pẹ tó wà lẹ́yìn wọn. Ambrose gbé kámẹ́rà sókè díẹ̀. Nígbà tí fọ́tò náà jáde, àwọn ọmọ olóòkú kò hàn ju àgbọ̀n wọn lọ sísàlẹ̀, ṣùgbọ́n àwòdì náà hàn tìyẹ́-tìyẹ́. Wọ́n bínú. Ó bẹ̀ wọ́n, ó padà lọ yà wọ́n lọ́fẹ̀ẹ́. Ṣùgbọ́n kò ya àwòrán àwòdì yẹn dànù. Ó fi há ara ògiri lẹ́bàá dígí tí àwọn oníbàárà ń wò yarun, àwọn kan á sì máa bi í pé ẹbí ta ni.

Láti ìgbà náà, ọjọ́ Sátidé tí kò bá ti sí ìgbéyàwó, Ambrose á gbé Rẹ̀mílẹ́kún sẹ́yìn alùpùpù, wọ́n á forí lé àbàtà ògùrọ̀ tó wà lẹ́yìn Ìkọ̀yà. Nígbà tí ayé kámẹ́rà onífíìmù kọjá, ọmọ wọn, Adébọ́lá, tó ń ṣiṣẹ́ ní ìlú mìíràn, bá wọn wá kámẹ́rà ńlá kan, pẹ̀lú lẹ́ǹsì tó gùn bí apá ọmọdé, èyí tó ń fa ohun tó wà lókèèrè súnmọ́ tòsí. Igbó ṣì kún nígbà náà. Ọ̀bọ ṣì ń fò láti igi dé igi lókè omi, ẹyẹ apẹja ṣì wọ́pọ̀ létí odò, tí o bá sì jókòó pẹ́ títí tí ẹ̀fọn fi jẹ ọ́ tó, nǹkan kan yóò ṣáà jáde sí ọ.

Àwọn méjèèjì kì í jókòó pọ̀. Ambrose á wọ abẹ́ ewé lọ, Rẹ̀mílẹ́kún á sì dúró sí ibi tí yóò ti máa ṣọ́nà. Kì í rí i. Ohùn kámẹ́rà rẹ̀ ló fi ń mọ ibi tó wà. Kàṣá. Bí igbó bá dákẹ́ pẹ́, á máa ro ejò, á máa ro ẹrọ̀fọ̀. Tó bá ti tún gbọ́ kàṣá, ara rẹ̀ á balẹ̀. Ó sọ fún mi nígbà kan pé gbogbo ayọ̀ ilé ọkọ òun, ohùn yẹn wà nínú rẹ̀.

Àìsàn ìtọ̀ ṣúgà ló mú Ambrose lọ. Nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e dé àbàtà mọ́, ó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ìyàwó rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń lo kámẹ́rà náà: bí yóò ṣe mí jáde kó tó tẹ̀ ẹ́, bí yóò ṣe dúró de orí ẹyẹ títí ìmọ́lẹ̀ yóò fi tàn sí ojú rẹ̀. Adìyẹ ilé ni wọ́n fi kọ́ ọ. Ó kú nígbà òjò. Ìjọ wá, wọ́n kọrin, wọ́n sin ín sí Ìkọ̀yà. Rẹ̀mílẹ́kún fi ìró wé kámẹ́rà àti lẹ́ǹsì náà, ó tì wọ́n mọ́ inú àpótí, ó sì ti sítúdíò pa.

Nígbà ọyẹ́ ló tó ṣí àpótí náà. Ohun funfun kan bí òwú aláǹtakùn ti ń hù létí dígí lẹ́ǹsì. Ó ní àyà òun já ju ọjọ́ tí wọ́n kó ẹrù ọkọ òun kúrò ní yàrá lọ. Ó fi aṣọ múlọ́múlọ́ nù ún pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó sá a sóòrùn, ó sì gbé e lọ sẹ́yìnkùlé láti wò ó bóyá ó ṣì ń ríran. Àwọn ẹyẹ ẹgà ń hun ilé lórí ọ̀pẹ. Ó ya ọ̀kan, ó tún ya òmíràn. Nígbà tó máa fi fura, oòrùn ti yí sí apá kejì ilé. Sátidé tó tẹ̀lé e, ó gun ọ̀kadà lọ sí àbàtà.

Báyìí ló ṣe di onífọ́tò inú igbó. Ó mọ̀ pé igbó kì í ṣe ti àtijọ́ mọ́. Ibi tí ọ̀bọ ti ń fò ti di oko ọ̀pẹ àgbẹ̀ ńlá, ẹ̀rọ agégi sì ń ké ní apá ibi tó dákẹ́ rí. Ohun tó ṣẹ́kù ló ń yà. Òun nìkan ló ń dá lọ. Ohun méjì ló sì mú kí ọ̀rọ̀ kámẹ́rà kejì jẹyọ.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ó jókòó sínú ògùrọ̀ pẹ̀lú lẹ́ǹsì gígùn náà lójú. Abo ọ̀bọ kan sọ̀kalẹ̀, ó gbé ọmọ mọ́ àyà, ó sì wá jókòó sórí imọ̀ ògùrọ̀ tó wà níwájú rẹ̀ gan-an. Ó súnmọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí Rẹ̀mílẹ́kún fi rí irun etí ọmọ náà. Lẹ́ǹsì tó ń wo ọ̀nà jíjìn kò lè rí ohun tó wà nítòsí, gbogbo ohun tó ń rí kò ju àyà ìyá lọ. Ó yọ lẹ́ǹsì náà kó lè fi kékeré síbẹ̀. Ìrì kán láti orí ewé, ó bọ́ sẹ́nu kámẹ́rà tó ṣí sílẹ̀. Nígbà tó máa fi fa omi náà gbẹ, tó gbójú sókè, imọ̀ ògùrọ̀ nìkan ló ń mì. Ó tún lọ létí odò lọ́jọ́ mìíràn. Ó rí ẹyẹ apẹja tó gbé ẹja há ẹnu, ó tẹ kámẹ́rà lẹ́ẹ̀kan, ẹyẹ gbọ́ ohùn rẹ̀, ó fò lọ tẹja-tẹja.

Ó gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá Gideon. Ọ̀dọ̀ Ambrose ni Gideon ti kọ́ṣẹ́. Òun náà ti di ọ̀gá báyìí, ó ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ nítòsí yunifásítì, ìgbéyàwó ló sì ń yà jù. Gideon ṣàlàyé fún un pé dígí kan wà nínú kámẹ́rà Bàbá tó dúró sẹ́yìn lẹ́ǹsì. Bí ènìyàn bá ti tẹ̀ ẹ́, dígí náà á fò sókè kí ìmọ́lẹ̀ lè kọjá, á sì padà wálẹ̀. Fífò yẹn ló pọ̀ jù nínú ohun tí etí ń gbọ́. Àwọn tuntun kò ní dígí yẹn mọ́. Mírọ́lẹ́ẹ̀sì ni àwọn onífọ́tò ìwòyí ń pè é. Ó fúyẹ́ jù, ó sì lè dákẹ́ pátápátá. Ó wá gbà á nímọ̀ràn pé kó ta kámẹ́rà àti lẹ́ǹsì Bàbá, kó fi kún un, kó ra gbogbo rẹ̀ ní tuntun.

Rẹ̀mílẹ́kún jẹ́ kó sọ ọ́ tán.

“Gideon, èkejì ni mo ń wá,” ó ní. “Mi ò sọ pé mo fẹ́ pààrọ̀ àkọ́kọ́.”

Gideon tọrọ àforíjì. Ó ní kò burú, òrùka kan wà tí wọ́n ń fi sí àárín, tí yóò jẹ́ kí lẹ́ǹsì Bàbá lè bá kámẹ́rà tuntun ṣiṣẹ́. Wọ́n mú ọjọ́, wọ́n sì wọ mọ́tò lọ sí Àkúrẹ́, lọ́dọ̀ obìnrin kan tó ń jẹ́ Agatha, tó ń ta kámẹ́rà tuntun àti èyí tí wọ́n ti lò. Rẹ̀mílẹ́kún di lẹ́ǹsì ọkọ rẹ̀ sínú táwẹ́lì, ó gbé e sórí itan títí wọ́n fi dé ibẹ̀.

Agatha kì í ṣe ẹni tó ń fi ẹnu tajà. Ó bi Rẹ̀mílẹ́kún ní ohun tó ń yà, àkókò tó ń yà á, àti bóyá òjò máa ń bá a níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ló gbé kámẹ́rà mẹ́ta sórí tábìlì.

Àkọ́kọ́ ni èyí tó dé kẹ́yìn, òun ni Gideon fẹ́. Bí o bá kọjú rẹ̀ sí ènìyàn, àpótí kékeré kan á yọ nínú rẹ̀, á lẹ̀ mọ́ ẹyinjú ẹni náà, kò sì ní fi í sílẹ̀ bó ti wù kó rìn tó. Agatha ní bó ṣe ń ṣe fún ènìyàn náà ló ń ṣe fún ẹyẹ. Èkejì kéré bí ọṣẹ ìwẹ̀, ó sì fúyẹ́ bẹ́ẹ̀. Rẹ̀mílẹ́kún gbé e, ọwọ́ rẹ̀ ń wá ibi tí yóò dì mú. Nígbà tí wọ́n so lẹ́ǹsì Ambrose mọ́ ọn, ńṣe ló dojú bolẹ̀ bí ọmọ tí wọ́n gbé ẹrù tó jù ú lọ rù. Ẹ̀kẹta ti lo ọdún díẹ̀ lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ó ní ibi tí ọwọ́ lè gbá mú dáadáa, wọ́n sì fi rọ́bà dí gbogbo ojú ihò rẹ̀ kí omi má baà tètè wọlé.

Rẹ̀mílẹ́kún fi ojú sí ibi tí wọ́n ti ń wòran nínú ẹ̀kẹta yìí, ó sì tètè gbé ojú kúrò. Ó ní tẹlifíṣọ̀n ló wà nínú rẹ̀. Nínú ti Ambrose, bí o bá ń wo ẹyẹ, ẹyẹ náà gan-an lò ń wò, ìmọ́lẹ̀ ara rẹ̀ ló ń wọ ojú rẹ. Èyí, àwòrán ẹyẹ ló ń fi hàn ọ́ kó o tó ya àwòrán.

Agatha kò jà á níyàn. Ó ní, “Òótọ́ ni, mà. Kì í ṣe ohun kan náà. Ṣùgbọ́n tí ilẹ̀ kò bá tíì mọ́ dáadáa lábẹ́ igi, èyí á jẹ́ kí ẹ rí ohun tí ojú lásán kò ní rí.” Ó tún sọ fún un pé nítorí tẹlifíṣọ̀n yẹn, bátìrì rẹ̀ kì í pẹ́ kó tó tán, kó má ṣe wọ igbó láìmú òmíràn sápò.

Lẹ́yìn náà ni Agatha pa ohùn kámẹ́rà náà, ó ní kí Rẹ̀mílẹ́kún ya nǹkan. Ó kọjú rẹ̀ sí òde, ó tẹ̀ ẹ́. Kò gbọ́ nǹkan kan.

“Ṣé ó ti yà á?”

“Ó ti yà á, mà.”

Rẹ̀mílẹ́kún dúró síbẹ̀ pẹ̀lú kámẹ́rà náà lọ́wọ́. Gideon rò pé kò fẹ́ ẹ ni, ó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ nípa àkọ́kọ́. Rẹ̀mílẹ́kún wá sọ ọ̀rọ̀ àbàtà fún un, bí òun ṣe máa ń dúró lójú ọ̀nà, tí òun kì í rí Bàbá, tí òun máa ń tẹ́tí sí kàṣá rẹ̀. Gideon kò gbọ́ ọ rí, bó ti pẹ́ tó lọ́dọ̀ wọn. Ó fa àga kan, ó jókòó.

Nígbà tó yá, ó ní, “Màmá, kò di dandan kí ẹ pa ohùn rẹ̀. Ó ní ohùn tirẹ̀, bí ẹ bá fẹ́ ẹ.”

“Rárá,” Rẹ̀mílẹ́kún ní. “Èmi ni mo ń fẹ́ ohùn yẹn. Ẹyẹ kò fẹ́ ẹ.”

Wọ́n jáde síta láti dán wọn wò. Aláǹgbá wà lára ògiri, àwọn àwòdì sì ń yí lókè ọjà. Àkọ́kọ́ mú àwòdì lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀kẹta náà ní àpótí kékeré tirẹ̀, ṣùgbọ́n pẹ̀lú òrùka àti lẹ́ǹsì àgbà náà, ó ń wá a kiri fún ìgbà díẹ̀ kó tó rí i mú. Gideon ní ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn. Ṣùgbọ́n Rẹ̀mílẹ́kún di ojú rẹ̀, ó gbé àkọ́kọ́, ó ń fi ìka wá àwọn bọ́tìnì rẹ̀. Ìka rẹ̀ sọnù. Ó gbé ẹ̀kẹta, ó tún di ojú, ìka rẹ̀ sì ń bọ́ síbi tó yẹ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní nínú igbó, òun kì í ráyè wo ọwọ́ òun, ẹyẹ ni òun ń wò. Bí kámẹ́rà yìí bá sì lọ́ra díẹ̀, òun náà ti lọ́ra, àwọn á jọ máa lọ. Ẹ̀kẹta ló mú. Gideon kò bá a sọ̀rọ̀ púpọ̀ títí wọ́n fi kọjá Oǹdó, ibẹ̀ ló wá rẹ́rìn-ín, tó ní ó jọ pé Bàbá ì bá mú ọ̀kan náà.

Kò pẹ́ sí ìgbà náà ni Benedict, àbúrò Rẹ̀mílẹ́kún tó ń dáko ní Igbodigo, pè é lórí fóònù. Ó ń ṣán ilẹ̀ oko àtijọ́ tí bàbá wọn fi sílẹ̀ kó lè gbin ọ̀pẹ tuntun sí i. Ó ní òun gbọ́ igbe kan létí odò tí òun kò gbọ́ láti ìgbà èwe, ó sì jọ pé ẹyẹ agbe ni.

Rẹ̀mílẹ́kún ní òun kò lè ṣàlàyé bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe rí lára òun. Nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé, agbe pọ̀ ní oko bàbá wọn bí adìyẹ. Ní ìrọ̀lẹ́ wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í ké láti igi dé igi, bàbá wọn á sì sọ ẹyìn tó ń ṣà sílẹ̀, á ní ó tó, ẹ jẹ́ ká máa lọ ilé. Ìyá wọn á ru agbọ̀n, àwọn ọmọ á tò tẹ̀lé e, igbe àwọn ẹyẹ náà á máa sìn wọ́n dé ojú ọ̀nà. Kò mọ ọdún tí wọ́n dákẹ́. Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Ambrose wá wọn títí, kò rí ẹyọ kan yà.

Ó lọ sùn sí Igbodigo. Ìyàwó Benedict ro pùpùrù fún un, ó fi ọbẹ̀ ẹja sí i. Nígbà tí ilẹ̀ ń mọ́ bọ̀, òun àti Benedict ti wà létí odò, níbi tí igi ọdán ńlá kan ti so èso. Ó ti so lẹ́ǹsì gígùn mọ́ kámẹ́rà tuntun, ó gbé e lé irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta. Kámẹ́rà Ambrose wà lọ́rùn rẹ̀ pẹ̀lú lẹ́ǹsì kékeré. Benedict jókòó sẹ́yìn rẹ̀, ó fi àdá sí ẹsẹ̀. Kùrukùru bo odò. Wọ́n jókòó títí omi fi ń kán láti ara aṣọ wọn.

Méjì ni wọ́n, wọn ò sì fò wá. Wọ́n ń sáré bọ̀ lórí ẹ̀ka bí ẹni ń sáré lórí afárá, ìrù wọn gùn, ara wọn rí bí aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ nínú ìkòkò aró, ògbe dúdú wà lórí wọn, ẹnu wọn pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ó sì pupa ní ṣóńṣó. Abẹ́ igi ṣì ṣókùnkùn, ṣùgbọ́n nínú tẹlifíṣọ̀n kékeré yẹn, Rẹ̀mílẹ́kún ń rí wọn kedere. Àpótí kékeré náà ṣá lọ, ó ṣá bọ̀, ó sì lẹ̀ mọ́ ojú ọ̀kan. Ó mí jáde, ó tẹ̀ ẹ́.

Wọ́n ń jẹ èso, wọ́n ń ju èèpo rẹ̀ sílẹ̀. Benedict fi ìka gún un lẹ́yìn, ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé kó tètè yà wọ́n kí wọ́n tó lọ. Ó ti ń yà wọ́n láti ìgbà pípẹ́, Benedict kò mọ̀. Àwọn ẹyẹ náà kò mọ̀.

Nígbà tó yá, ọ̀kan sọ̀kalẹ̀ wá sí ẹ̀ka tó nà bò wọ́n lórí. Lẹ́ǹsì gígùn kò lè gbà á mọ́. Rẹ̀mílẹ́kún fi ti ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta sílẹ̀, ó gbé ti ọrùn rẹ̀ sókè, ó rí ẹyẹ náà pẹ̀lú odò àti kùrukùru lẹ́yìn rẹ̀, ó sì tẹ̀ ẹ́. Kàṣá. Ẹyẹ náà na ọrùn, ó wò wọ́n, òun àti èkejì rẹ̀ sì ké, wọ́n kọjá sí òdìkejì odò.

Benedict bi í pé kí ló dé tó lo èyí tó ń dún, nígbà tó mọ̀ pé yóò lé wọn. Ó ní ọwọ́ òun ló lọ síbẹ̀. Omi wà lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ló ń rín. Ó fi àwọn àwòrán náà hàn án nínú kámẹ́rà, lọ́kọ̀ọ̀kan. Benedict fi ọwọ́ nu ojú dígí rẹ̀, ó ní, “Bàbá wa ì bá ti ní ká máa lọ ilé báyìí.” Wọ́n jókòó síbẹ̀ díẹ̀ sí i.

Gideon ló bá a tẹ àwòrán méjì nínú wọn jáde ní ńlá. Rẹ̀mílẹ́kún gbé wọn wá sí ìdúpẹ́ ìkórè ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi kó yí wọn ká, wọ́n ń béèrè orílẹ̀-èdè tí ẹyẹ náà ti wá. Ìyá Eunice, tó dàgbà jù nínú ìjọ, sọ fún wọn pé agbe ni, ẹyẹ tí àwọn àgbà ń fi orúkọ rẹ̀ wúre fún wọn, tí àwọn náà ń ṣe àmín sí i. Àwọn ọmọ náà ní àwọn rò pé orúkọ ènìyàn ni. Ìyá Eunice gba ọ̀kan nínú àwòrán náà, ó gbé e sórí itan, kò sì gbé e fún ẹlòmíràn títí ìsìn fi parí.

Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, Benedict wá sí Òkìtìpupa, ó ru ọ̀gẹ̀dẹ̀ wá. Ó ní òun fẹ́ kí ẹ̀gbọ́n òun fún òun ní ọ̀kan nínú àwòrán náà, kí òun gbé e kọ́ sí pálọ̀. Ìgbà tó ń jẹun lọ́wọ́ ló sọ pé òun ti yí ojú ilẹ̀ tí òun ń ṣán sí apá kejì, òun kò ní dé etí odò, níbi igi ọdán, lọ́dún yìí. Rẹ̀mílẹ́kún kò bi í nípa ọdún tó ń bọ̀. Ó yọ àwòrán tó ní odò nínú lára ògiri, ó nu eruku rẹ̀, ó gbé e fún un. Òjò ti ń ṣú. Benedict fi ọ̀rá bò ó dáadáa, ó gbé e mọ́ àyà lẹ́yìn ọlọ́kadà, wọ́n sì lọ.